Ṣé oníjó kílọ́ọ̀bù ń gbà ju òṣìṣẹ́ báńkì lọ lóòótọ́?

Ìbéèrè:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo ní HND, mo sì ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní báńkì kan ní Ìkẹjà. 185,000 náírà ni owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ ní Ògbà. Kílọ́ọ̀bù kan lọ́nà Allen ló ti ń jó, irú èyí tí wọ́n ti ń bọ́ṣọ jó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọlé láàárọ̀ Sátidé, ó da owó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n bá òun kà á. 240,000 náírà ni. Alẹ́ kan ṣoṣo, Àǹtí! Mo lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ara mi nìkan ló lọ. Ó ní bí mo bá fẹ́, òun á mú mi lọ rí máníjà wọn lọ́jọ́ Fúráìdè. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò béèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni, mo ti mọ ohun tí màmá mi máa sọ. Owó ni mo ń béèrè. Ṣé iṣẹ́ yẹn sàn ju tèmi lọ lóòótọ́?"

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, mo dúpẹ́ pé o sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ gan-an. Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ béèrè rẹ̀ tí ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n lè béèrè. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń bá àwọn tí kì í gba owó oṣù ṣírò owó wọn ní ọ́fíìsì mi ní Sùúrùlérè: alásè, onílù, ayàwòrán ibi ìyàwó, dírẹ́bà dánfó, alága ìjókòó. Mẹ́rin nínú àwọn tí mo ń bá ṣe báyìí ló ń jó ní kílọ́ọ̀bù, méjì ní Ìkẹjà, méjì ní apá Lẹ́kì. Inú ìwé wọn ni mo ti rí ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ.

Mo gbà pé 240,000 náà pé. Alẹ́ kan lo kàn gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí apẹja Makoko ń rí jẹ kò ní dúró de ọjọ́ tí ẹja kún àwọ̀n kó tó ṣírò. Á béèrè ọjọ́ tí wọ́n tukọ̀ lọ tí wọ́n tukọ̀ bọ̀ lófo, á béèrè epo tó wọ ẹ́ńjìnnì, á béèrè iye tí wọ́n fi tún àwọ̀n ṣe.

Kì í ṣe kílọ́ọ̀bù ló bẹ̀rẹ̀ irú owó yìí nílẹ̀ wa. Ọjọ́ tí onígángan bá ki olówó kan níbi òkú àgbà, tí olówó náà sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí títí ojú rẹ̀ ò fi hàn mọ́, gbogbo àdúgbò ló máa ń gbọ́. Ta ló gbọ́ nípa ọjọ́ Túsìdeè mẹ́ta tí onígángan yẹn jókòó sílé, tí kò sí ẹni tó pè é? Alága ìjókòó náà rí bẹ́ẹ̀, òṣèré orí ìtàgé rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹun láti ọwọ́ ẹni tó ń náwó fún un, ọjọ́ tó dára jù lọ ló máa ń ròyìn. Irọ́ kọ́ ló ń pa. Ọjọ́ yẹn ló ń fún un lágbára láti tún jáde lọ́jọ́ kejì.

Jẹ́ kí n ṣí ìwé ọ̀kan nínú àwọn oníjó mẹ́rin náà fún ọ. Mo gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ó ní kí n kọ ọ́, kí n má kàn dárúkọ òun. Ìwé ẹlẹ́yìn pupa ni, ó kéré tó ọwọ́, ìpara tó ń dán tí wọ́n ń fi pa itan ti ràn mọ́ gbogbo etí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ti ń ṣí i, ìka mi á máa dán. Èmi ni mo ra ìwé náà fún un. Mo ní kó máa kọ ọ́ kó tó sùn, torí bó bá sùn, á gbàgbé iye tó fún báńsà, iye tó wọlé lásán ló máa rántí.

Oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá nìyí. Alẹ́ 16 ló fi jó. Alẹ́ méjì ló dára gidi, òpin oṣù ni méjèèjì, Fúráìdè àti Sátidé: 240,000 àti 185,000. O rí i pé òun náà ní 240,000 tirẹ̀. Alẹ́ márùn-ún mú 270,000 wá lápapọ̀. Alẹ́ mẹ́fà ò ju 96,000 lọ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ jọ. Alẹ́ mẹ́ta tó kù, òdo ló kọ síbẹ̀. Ó fa ìlà sí abẹ́ òdo kẹta, ó kọ "òjò" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 791,000.

Níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ìṣirò dúró nìyẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Owó tí wọ́n bá ná fún oníjó ní kílọ́ọ̀bù tiẹ̀ kì í ti ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tó ń fi ìgbálẹ̀ gbá a sínú ọ̀rá dúdú. Wọ́n á gbé e lọ sẹ́yìn, wọ́n á kà á níwájú máníjà, wọ́n á yọ èyí tó ti ya sọ́tọ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pín in. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni kílọ́ọ̀bù tirẹ̀ ń mú. Òmíràn ń mú ìdajì. Ó sọ fún mi nígbà kan pé òun máa ń wo ilẹ̀ kún títí dé ọrùn ẹsẹ̀ òun, tí òun á ti máa fi ọkàn sanwó ilé, tí wọ́n bá wá kà á tán, ó lè jẹ́ ìdì mẹ́ta owó igba náírà. Ìdì kan jẹ́ ewé 100, ìyẹn 20,000 náírà. Igba náírà máa ń kún ilẹ̀ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ń lo igba náírà nìyẹn.

Nínú 791,000, kílọ́ọ̀bù mú 237,300. Ó fún DJ, báńsà àti ọmọ tó ń gbá owó ní 39,000. Bí DJ ò bá rí tirẹ̀, orin tí kò ṣeé jó ló máa gbé sí i lálẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n gba fáìnì 20,000 lọ́wọ́ rẹ̀ torí ó pẹ́ dé nígbà méjì. Takisí tó ń gbé e lọ tó sì ń gbé e bọ̀ jẹ́ 120,000, torí kò sí ọmọbìnrin tó máa dúró de dánfó ní aago mẹ́rin àárọ̀ pẹ̀lú owó nínú báàgì. Wíìgì, èékánná, ìpéǹpéjú, aṣọ ijó àti bàtà olókè jẹ́ 115,000. Oògùn ìrora, báńdéèjì orúnkún àti àyẹ̀wò ní ọsibítù jẹ́ 22,000. Ohun tó kù jẹ́ 237,700.

Wàyí o, tìrẹ. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀, 800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún kò ní owó-orí rárá, 2,200,000 tó tẹ̀lé e ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá yọ ìdá 8 owó ìfẹ̀yìntì rẹ, ìyẹn 14,800 lóṣù, tí wọ́n sì yọ owó-orí tó jẹ́ 15,530, ó ku 154,670. Mo fi 1,600 sí owó ọkọ̀ láti Ògbà dé Ìkẹjà àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ 22 nínú oṣù. Ó ku 119,470.

Nítorí náà, ní oṣù kẹwàá yẹn, oníjó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà tó ìlọ́po méjì rẹ. Mi ò ní fi bò fún ọ. Bá a bá tún fi wákàtí wọ̀n ọ́n, ó burú fún ìwọ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wákàtí 112 ló lò nínú kílọ́ọ̀bù lóṣù yẹn, ìwọ lo nǹkan bí 264 bá a bá ka ìrìn àjò mọ́ ọn. Ó lé díẹ̀ ní 2,100 náírà lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan fún un, kò pé 460 fún ìwọ. Ọmọbìnrin tó bá sọ pé "wákàtí tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ò tó tiyín, mo sì ń gbà jù yín lọ" ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àkókò náà jẹ́ owó. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo ń bá ṣe fi ọ̀sán tirẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó ti ní ẹ̀rọ méjì báyìí ní Agége.

Ṣùgbọ́n máa ka ìwé pupa náà lọ. Oṣù Kejìlá mú 612,000 wá lẹ́yìn gbogbo ìnáwó. Àwọn ará òkè òkun ti dé, owó wà nígboro, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sùn. Oṣù kìíní mú 41,000. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé Èkó mọ bí oṣù kìíní ṣe ń gùn. Nígbà ààwẹ̀, ìdajì àwọn tó máa ń náwó ò yọjú. Lóṣù kan, bàtà yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí ìtẹ́ ijó, ọrùn ẹsẹ̀ wú bí búrẹ́dì, ó jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó fi gbèsè 18,000 parí oṣù yẹn. Kílọ́ọ̀bù ò fún un ní kọ́bọ̀. Máníjà pè é lórí fóònù, ó béèrè ọjọ́ tó máa padà, ó ní ẹlòmíì ti wà ní àyè rẹ̀.

Nígbà tá a kó oṣù méjìlá jọ, ohun tó mú lọ sílé jẹ́ 1,908,000. Pín in sí méjìlá, 159,000 lóṣù.

Tìrẹ ńkọ́? 119,470 lọ́nà méjìlá jẹ́ 1,433,640. Ohun kan wà tí o ò kà torí o kì í fojú rí i. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá 10 sí ìdá 8 tìrẹ. Bí wọ́n bá ń ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo 185,000 náà, 33,300 ló ń wọ àpò ìfẹ̀yìntì rẹ lóṣooṣù, 399,600 lọ́dún. Kó o jọ, ó jẹ́ 1,833,240, ìyẹn 152,770 lóṣù. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin ìwọ àti oníjó tí wọ́n ń fi owó bò lórí ilẹ̀ kò ju 6,230 náírà lóṣù. Òun náà ò tíì san owó-orí o. Òfin ní kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ kọ iye tó wọlé fún un ránṣẹ́ sí LIRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí l'Ékòó, kó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta. Bí wọ́n bá gba gbogbo ìnáwó iṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ó máa san 166,200. Ó ti bọ́ sábẹ́ tìrẹ nìyẹn.

Mo bẹ̀ ọ́, má gbé nọ́ńbà yìí lọ sọ pé gbogbo oníjó nìyí. Ọdún kan, ènìyàn kan ni. Èkejì nínú wọn tó wà ní Lẹ́kì gba tó ìlọ́po mẹ́ta èyí, ó ra ilẹ̀ sí Ìmọ̀ta. Ọ̀kan tún wà tó fi oṣù márùn-ún jó, tó kúrò pẹ̀lú gbèsè wíìgì àti ti alájọ. Bí iṣẹ́ tó ń mú ojú kún ṣe rí nìyẹn. Olórin ẹgbẹ̀rún ló wà nílùú yìí, mélòó ni owó ń bọ̀ fún? Àwọn tó wà lókè ń kó èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó kù ń pín ìyókù. Ní báńkì, ẹni tó jókòó ní káúńtà kejì kò ní gbà tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ.

Ohun tó yẹ kó o dì mú nínú gbogbo ìṣirò yìí ni ìbéèrè kan: ta ló ń ru ọjọ́ burúkú? Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ báńkì rẹ, owó oṣù rẹ ò dín. Ẹni tó gbà ọ́ síṣẹ́ ló ru ọjọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò wọ kílọ́ọ̀bù, ara ọmọbìnrin yẹn ló rù ú. Takisí ni yóò san, èékánná rẹ̀ ti wà lára, ó sì tún lè jẹ fáìnì.

Iṣẹ́ dánfó ni iṣẹ́ oníjó jọ jù lọ, ju ti báńkì lọ. Béèrè lọ́wọ́ dírẹ́bà tó ń ná Ọ̀ṣòdì sí Ìyànà-Ìpájà, á sọ fún ọ pé owó ńlá ń gba ọwọ́ òun kọjá lójúmọ́. Ó tún máa san owó ọkọ̀ fún ẹni tó ni ín, ó máa ra epo, ó máa san owó kọ́ndọ́, ó máa san ti gáréèjì. Ní 2022, ìjọba Èkó kó owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ pọ̀ sí 800 náírà lójúmọ́, èyí tí àwọn ọmọ gáréèjì ń gbà ò sì tán síbẹ̀. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, kò sí owó oṣù. Dírẹ́bà ò ní ọkọ̀, oníjó ò ní ìtẹ́ ijó, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ ń sanwó kí wọ́n tó jẹun.

Má rò pé tòkè òkun yàtọ̀, torí mo mọ̀ pé fídíò dọ́là yẹn wà lórí fóònù rẹ náà. Ní Amẹ́ríkà, oníjó ń sanwó fún kílọ́ọ̀bù kó tó gun ìtẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó tún máa fún DJ àti báńsà ní tiwọn bó bá ń lọ. Ọ̀pọ̀ kílọ́ọ̀bù pè wọ́n ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n má bàa san owó tí òfin ní kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kalifọ́níà ní 2018, lórí ẹjọ́ àwọn dírẹ́bà tó ń kó ẹrù, ló mú kó ṣòro fún wọn níbẹ̀ láti máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù karùn-ún 2023, àwọn oníjó kílọ́ọ̀bù kan ní North Hollywood wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Actors' Equity lẹ́yìn tí wọ́n ti bá olówó ibẹ̀ fa ọ̀rọ̀ ààbò fún oṣù pípẹ́. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí Yunifásítì Leeds bá àwọn oníjó sọ̀rọ̀ ní nǹkan bí ọdún márùndínlógún sẹ́yìn. Pọ́n-ùn 232 ni ìpíndọ́gba ohun tí wọ́n ń mú lọ sílé lálẹ́ kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san ti kílọ́ọ̀bù. Owó gidi ni. Nínú mẹ́wàá wọn, nǹkan bíi méje ló ti jó rí láti alẹ́ mọ́jú tí wọn ò mú nǹkan kan délé. Nínú mẹ́rin, ẹnì kan ló gboyè yunifásítì. Nítorí náà, àbúrò mi, HND rẹ ò sọ pé o ò gbọ́dọ̀ ronú kan ibẹ̀, kò sì sọ pé ọ̀rẹ́ rẹ ò ní làákàyè.

Apá kan nínú owó yẹn sì wà tó jẹ́ owó ìtìjú. Adam Smith, ará Sìkọ́tíláǹdì, ti sọ ọ́ láti 1776 pé òṣèré, olórin àti oníjó ibi eré ńlá ń gba owó gọbọi nítorí ohun méjì: ẹ̀bùn wọn ò wọ́pọ̀, àwọn ènìyàn sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tó bá ń fi irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ jẹun. Ó ní lọ́jọ́ tí ojú yẹn bá yí padà, owó náà á wálẹ̀. Wo olórin nílẹ̀ wa: alágbe ni wọ́n ń pè wọ́n nígbà kan, ọmọ olówó ló ń kọrin lónìí. Fún oníjó kílọ́ọ̀bù, ojú ò tíì yí padà. Fẹlá fẹ́ ìyàwó 27 lọ́jọ́ kan ní 1978, àwọn tó ń jó tó sì ń gberin fún un ló pọ̀ jù nínú wọn, ìlú sì ti bú wọn títí kó tó dọjọ́ yẹn. Ìbúni yẹn ní iye tó ń ná oníjó dòní. Ẹni tó ni ìwé pupa sọ fún màmá rẹ̀ pé òtẹ́ẹ̀lì lòun ti ń gba àlejò. Ájẹ́ńtì ilé ní kó mú lẹ́tà ibi iṣẹ́ wá, kò ní, ó fi owó kún owó kó tó rí ilé tí èmi àti ìwọ máa rí ní iye tó dín sí i. Ó fẹ́ yá owó láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, báńkì béèrè ìwé owó oṣù. Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń bí mi títí di báyìí, torí mo mọ̀ pé owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá lọ́dún náà ju ti ọ̀pọ̀ tí wọ́n yá lówó lọ.

Òfin náà ti ń di nǹkan mú. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 sọ pé fífi náírà wọ́n ènìyàn lára níbi ijó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000, tàbí méjèèjì. Àwọn ènìyàn ò kà á sí títí di oṣù kẹrin 2024, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó rán Bobrisky lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí rẹ̀. Láti ìgbà náà, méjì nínú àwọn tèmi sọ pé àwọn oníbàárà wọn ti ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ó dára, kò ní ya, olè ò ní jà á gbà. Àkáǹtì kílọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ ń wọ̀ o. Ọ̀kan ń dúró de owó ọjọ́ Sátidé títí di Ọjọ́bọ̀.

N kò fẹ́ kó o rò pé mò ń gbé iṣẹ́ tìrẹ gẹ̀gẹ̀. Iṣẹ́ kọ́ńtíráàtì ní báńkì ti dá ọgbẹ́ sí ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo mọ̀ lára: iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìdajì owó, ọdún méje kò sí ìgbéga. 85,000 ni owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba Èkó ń san látọdún 2024, 70,000 ni ti àpapọ̀. Tìrẹ ju méjèèjì lọ, kò sì tó ọ jẹ ní Èkó, mo mọ̀. Àmọ́ àwọn ohun kan wà tí o ní ẹ̀tọ́ sí tí o lè má tíì béèrè. Òfin ní kí wọ́n ra ìṣedúró ẹ̀mí fún ọ tó tó owó ọdún mẹ́ta rẹ. Bó o bá bímọ, ọ̀sẹ̀ méjìlá ni ìsinmi, wọn ò sì gbọ́dọ̀ san ohun tó kéré sí ìdajì owó rẹ bó o bá ti lo oṣù mẹ́fà níbẹ̀. Bó o bá ṣubú ní àtẹ̀gùn báńkì tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ wú bíi ti ọmọ yẹn, òfin ìsanpadà òṣìṣẹ́ ti 2010 wà fún ọ. Lọ ṣí orí fóònù rẹ lónìí, wo àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ bóyá owó ń wọ ibẹ̀ lóṣooṣù. Iléeṣẹ́ kan tó gba ọmọ ẹ̀gbọ́n mi síṣẹ́ yọ ìdá 8 tirẹ̀ fún oṣù mọ́kànlá, wọn ò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Bí kò bá sí owó níbẹ̀, gbogbo ìṣirò tí mo ṣe fún ọ lókè yìí ti wó, ẹni tó ni ìwé pupa ti fi 39,530 jù ọ́ lọ lóṣù kó tó san owó-orí.

Ohun kan tí ìwé ìṣirò ò lè gbé ni orúnkún. Mo ti rí obìnrin ọgbọ̀n ọdún tó di ògiri mú kó tó dìde lórí àga mi. Iṣẹ́ yìí jọ bọ́ọ̀lù: ọdún rẹ̀ kéré, ara ló ń gbé e, ẹni tí kò bá fi ọdún kéékèèké yẹn ra nǹkan kan kò ní rí ọdún mìíràn. Ìwọ lè jókòó sí káúńtà títí di ọgọ́ta ọdún. Alẹ́ tí mo rò fún un ní 2,100 lórí wákàtí, bóyá ọdún mẹ́fà ló ní in.

Ní ti ọjọ́ Fúráìdè, ìwọ ló ni ara rẹ, o sì ti ní kí n má wàásù. Ohun tí mo máa sọ ni pé kó o má torí 240,000 lọ. Bí ìwọ bá lọ, kó jẹ́ pé o ti béèrè lọ́wọ́ máníjà yẹn iye tí kílọ́ọ̀bù ń mú, fáìnì mélòó ló wà, ta ló ń san ọsibítù, ọjọ́ wo ni owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ń dé ọwọ́ rẹ, ta ló ń mú ọ délé. Ẹni tó bá bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti dá ọ lóhùn.

Kó tó di Fúráìdè sì ni Sọ́ńdè. Ọ̀rẹ́ rẹ kì í jó ní Sọ́ńdè, àbí? Ra ìwé kékeré kan. Bá ọ̀rẹ́ rẹ jókòó lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ṣí fóònù rẹ̀ sí ibi tí báńkì ti ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde, láti oṣù kìíní. Ìwọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀, òun ò mọ̀ ọ́n. Fa ìlà mẹ́ta: ohun tó wọlé, ohun tí iṣẹ́ jẹ, ohun tó kù. Ka alẹ́ tí kò mú nǹkan kan wá mọ́ ọn. Bó o bá rí iye tó wà lábẹ́ ìlà kẹta, kọ̀wé sí mi padà, kí òun náà bá ọ kọ ọ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ jọ wá sí Sùúrùlérè, Wẹ́sìdeè ni ọjọ́ tí n kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá lẹ́ẹ̀kíní.